Ta Ló Fín Lọ́fínńdà Wọ Ilé Ewé?

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ewé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ kun àtíkè. Kò gbọdọ̀ jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ amusìgá ni, kó kúkú jókòó sílé ara rẹ̀. Òfin tí Má-fọwọ́-kàn-án, ọ̀gá ibẹ̀, ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti bá a dúnàádúrà lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, tó ti ń bá a gbé látìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú, kì í fi ìpara olóòórùn kan ara lásìkò ìkórè. Ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Èèyàn ni orogún tiyín. Ewé ni orogún tèmi, mi ò sì rí bí mo ṣe fẹ́ lé e jáde."

Ilé ewé náà gùn, pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí igi tíì wà. Pẹpẹ wà nínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àtẹ tí wọ́n fi ọparun hun sì wà lórí pẹpẹ. Orí àtẹ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń tẹ́ ewé sí. Kì í sì í ṣe ewé lásán: ẹnu ọ̀mùnú tí kò tíì là ni, èyí tí irun funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀ bí irun ara ọmọ tuntun. Irun yẹn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń pè é ní tíì funfun. Wọn kì í yan án, wọn kì í lọ́ ọ, wọn kì í gún un. Wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i títí á fi rọ, tí á sì gbẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí ọwọ́ èèyàn má yá jù. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi ń pariwo "Má fọwọ́ kàn án!" láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tí orúkọ náà sì fi mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n ewé tó bá ń rọ lórí àtẹ, olófòófó ni. Ohun tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń gbà sínú. Bí wọ́n bá dín nǹkan nílé ìdáná, ewé á gbọ́. Bí àtùpà bá ń rùn, ewé á gbọ́. Bó bá sì ti gbọ́, kò tún ní gbàgbé mọ́. Ó di ìgbà tí wọ́n bá da omi gbígbóná sí i kó tó máa rojọ́ ohun tó gbọ́.

Ìyá Má-fọwọ́-kàn-án ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá Onítíì ni gbogbo èèyàn ń pè é, òun náà sì ni orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sára bébà funfun tí wọ́n ń fi wé tíì wọn. Ìyá ti darúgbó báyìí, orí àga lẹ́bàá fèrèsé pálọ̀ ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ni ilé, òun ló ni òkè, òun ló sì ni orúkọ. Ọmọ méjì ló bí. Ó ti sọ fún wọn tipẹ́ pé, "Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ fẹnu kò sí ni kẹ́ ẹ wá bá mi sọ. Ẹni tó bá dá nìkan wá, kó yáa gba ọ̀nà tó gbà wá padà."

Èyí àbúrò nínú wọn, ìyàwó Má-fọwọ́-kàn-án ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Páálí, nítorí pé ohun gbogbo tó ń tà ní ìgboro, inú páálí ló ń wà: ọṣẹ, ìṣáná, bisikíìtì, àbẹ́là. Ó ń bá wọn ta tíì náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ló máa ń kó bọ̀ wálé.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kò láwọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní omi gbígbóná lásán ni mo tà fún òun. Obìnrin kan tiẹ̀ bi mí pé, ṣé wọ́n ti po mílíìkì mọ́ ọn ni wọ́n ṣe ń pè é ní funfun."

"Báwo ni ayàwòrán yẹn ṣe sè é?"

"Ó ní òun jẹ́ kó hó dáadáa lórí iná. Ó fi ṣúgà sí i. Mílíìkì náà…"

Má-fọwọ́-kàn-án kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Látọjọ́ náà, bó bá lọ sí ìgboro, òdìkejì títì ló ń gbà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán. Ayàwòrán ń juwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tóun ṣe. Má-fọwọ́-kàn-án mọ̀.

Ọjọ́ kan ni Ọ̀gá Páálí gbé páálí kékeré kan wá sórí tábìlì Ìyá. Páálí náà ń dán. Wọ́n kọ "Tíì Funfun Ojúlówó" sí i lára, wọ́n ya òkè aláwọ̀ ewé àti ìkùukùu sí i. Ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ń ṣe é, pé kò sí ilé tí wọn kì í ti í mu ún ní ìgboro báyìí. Má-fọwọ́-kàn-án mú àpò pélébé kan nínú rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Eruku ni. Ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ bí èérún ìgbálẹ̀. Òórùn òdòdó kan sì ta sókè láti ibẹ̀, ó le débi pé Ìyá sín.

"Funfun dà níbẹ̀?" Má-fọwọ́-kàn-án na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ nímú. "Mo ní funfun dà? Ohun tí wọ́n gbá nílẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni wọ́n dì sínú bébà yìí! Wọ́n wá wọ́n òórùn lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé ó ti kú!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Wọ́n fẹ́ bá wa ṣòwò ni. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ Ìyá sára páálí."

"Orúkọ ta?"

"Orúkọ Ìyá. Ìyá Onítíì. Wọ́n ní àwọn tó mọ tíì dáadáa ṣì ń dárúkọ náà."

Má-fọwọ́-kàn-án rọra da eruku náà padà sínú páálí, ó fẹ́ èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Bí mo bá ṣì ń mí, orúkọ ìyá mi kò ní kan ìdọ̀tí yìí." Ẹnu wọn kò kò, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ fún ìgbà yẹn.

Ọ̀gá Páálí kò jẹ́ kó parí. Ó rò pé bí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà bá fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, á lè bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ dáadáa. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ó mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọjọ́ wo ló sì mú? Ọjọ́ kejì tí wọ́n já ewé àkọ́kọ́ ọdún, ewé tí igi tíì ti fi gbogbo ìgbà òtútù pa mọ́ sínú, tí adùn rẹ̀ kò ní sí mọ́ títí di ọdún mìíràn. Gbogbo àtẹ ló kún. Má-fọwọ́-kàn-án àti ìyàwó rẹ̀ wà lórí òkè, wọ́n ń já ìyókù.

Aṣojú náà, obìnrin dáadáa ni, aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ń dún kó kó kó. Màdáámú ni Ọ̀gá Páálí ń pè é. Lọ́fínńdà tó fín sára lọ́jọ́ náà, bó bá dúró ní ẹnu géètì, ará ẹ̀yìnkùlé á mọ̀ pé àlejò dé. Ọ̀gá Páálí ṣí ilẹ̀kùn ilé ewé fún un. Ó wọlé. Ó rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń sọ pé, "Ó mà rẹwà o!" Ó tẹrí ba lé àtẹ. Ó tiẹ̀ fi ìka kan ewé, ó ní ó rí múlọ́múlọ́.

Má-fọwọ́-kàn-án ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tí òórùn náà pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dúró. Ó gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ló dé?" ṣùgbọ́n ó ti ń sáré.

"Ta ló fín lọ́fínńdà wọ ilé ewé? Ta ni? Ẹ jáde! Ẹ jáde níbẹ̀ kíákíá!"

"Ẹ káàárọ̀ sà," Màdáámú kí i.

"Àárọ̀ wo lẹ fẹ́ kí n kà sí àárọ̀? Ẹ jáde, mo ní!"

"Ẹ̀gbọ́n, àlejò ni," Ọ̀gá Páálí ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

"Ojú á tì ọ́! Ìwọ tí Ìyá gbé sẹ́yìn lábẹ́ òrùlé yìí! Ìwọ tí wọ́n nà nítorí pé o jẹ ẹ̀pà wọ ilé ewé! Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún lọ́fínńdà!"

Ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ó mú pátákó, ó ń fẹ́ atẹ́gùn bí ẹni ń lé ẹ̀fọn. Asán ni. Síbẹ̀, kò lè da ewé náà nù bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kó gbẹ, ó ń bẹ̀ ẹ́ sínú. Nígbà tó gbẹ tán, ó sè díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì jáde lọ tu ú sí ìdí ògiri. Lọ́fínńdà ni. Tíì àkọ́kọ́ ọdún, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run àti òjò, ó ń rùn bí àpamọ́wọ́ obìnrin tó ń lọ sóde. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ó gbé e sẹ́yìn ilé lábẹ́ ìbòrí páànù, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀dú fún ọgbà sí. Lẹ́yìn náà ló kéde pé Ọ̀gá Páálí kò gbọdọ̀ mú ewé kan ṣoṣo jáde nílé yìí mọ́, kódà kó jẹ́ èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí bàtà rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú sí rèé. Ọ̀gá Páálí mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti kékeré ni Má-fọwọ́-kàn-án ti máa ń fi ohun tó dára jù pa mọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò: ó ń fi ṣúgà pa mọ́ sínú bàtà, ó ń fi bọ́ọ̀lù pa mọ́ sínú ìkòkò. Nígbà tí Màdáámú wá ń bèèrè tíì tóun lè mú lọ fún àwọn ọ̀gá òun kí wọ́n tọ́ ọ wò, Ọ̀gá Páálí wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀ àyàfi Ìyá tó ń sùn lórí àga. Ó wo ilé ewé, wọ́n ti tì í pa. Ó yí sẹ́yìn ilé, ó rí àpò lábẹ́ páànù. Ó ṣí i. Ewé àkọ́kọ́ ọdún, funfun báláú! Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè yí padà láéláé. Ó bu agolo kan kún, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí Màdáámú fi padà wá pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n fi í jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá wà lẹ́bàá fèrèsé. Má-fọwọ́-kàn-án dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kò sì wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ilé," Màdáámú bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo àwọn ọ̀gá mi ló mu tíì yín. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti yin nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní òun gan-an làwọn ti ń wá. Ó lóòórùn, ó ní ìfanimọ́ra. Bí ẹ̀yin bá ti gbà báyìí, orúkọ yín á dé gbogbo ilé."

Má-fọwọ́-kàn-án kò mọ̀gbà tó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òórùn wo? Tíì wọn kì í ta sánsán. Ṣùgbọ́n wọ́n yìn ín, ẹni tí wọ́n bá sì yin iṣẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn díẹ̀ bó ti wù kó bínú tó. Ó ní, "Èwo nínú tíì wa ni wọ́n mu?"

Ọ̀gá Páálí fi ìgbéraga gbé agolo jáde. "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa sè é fún Ìyá, kí gbogbo wa jọ mu."

Ìyàwó mú agolo wọ ilé ìdáná. Láìpẹ́, kí ó tó gbé àwo jáde rárá, òórùn ti ṣíwájú rẹ̀ dé pálọ̀. Má-fọwọ́-kàn-án gbé imú sókè. Ó wo agolo. Ó wo Màdáámú. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yẹn.

"Níbo lo ti rí tíì yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ibi tẹ́ ẹ fi pa mọ́ sí náà ni. Lẹ́yìn ilé."

Ìyàwó gbé àwo sórí tábìlì, ó wólẹ̀ jókòó, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá mi Páálí! Orí ilẹ̀dú lẹ ti bù ú! Oúnjẹ ọgbà ni!"

"Ilẹ̀dú wo?" Ọ̀gá Páálí bèèrè.

Má-fọwọ́-kàn-án kò rẹ́rìn-ín. "Lọ́fínńdà yín ni, Màdáámú," ó ní. "Ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín. Ẹ tún wá gbóòórùn ife yìí. Ẹ̀yin lẹ rin ilé ewé mi já lọ́jọ́ kejì ìkórè, ewé mi sì mu yín yó. Mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀dú. Ohun tí àwọn ọ̀gá yín ń yìn láti ọjọ́ yìí, ìgò tó wà nínú àpamọ́wọ́ yín ni!"

Màdáámú gbé ọwọ́ sí imú. Ó gbé ife sí imú. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bọ́ sí i.

"Òótọ́ ni o! Ó mà dáa bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ wá mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn sí i ni. Òórùn kò ṣòro fún wa, inú ìgò la ti ń da tiwa. Kò wá pọn dandan ká máa yọ yín lẹ́nu pé ẹ̀ ń já ọ̀mùnú ní kọ̀ọ̀kan lórí òkè. Ewé kéwé ló máa ṣe é. Orúkọ Ìyá nìkan la nílò."

Má-fọwọ́-kàn-án ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀, nígbà tó gbọ́ ohùn ẹlòmíràn.

"Ewé kéwé?"

Ọ̀gá Páálí ni. Ó ti dìde dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Màdáámú ní. "Ẹni tó ń rà á kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

"Màdáámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Mo ta ọṣẹ. Mo ta ìṣáná tí ìdajì rẹ̀ kì í ràn. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọjà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi ò sí lára ìṣáná. Orí mi yìí ni mo fi ru àtẹ gòkè gòkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Ìyá yìí kò fi nǹkan kan kun ara láti ọdúnmọ́dún, kò pa òróró sórí, kí ewé má baà gbọ́. Ẹ wá ní ewé kéwé? Lójú òun náà? Nínú ilé rẹ̀?"

"Ẹ má gbé e gbóná, òwò ni…"

"Ẹ gbé ìwé yín."

Ìyá ṣí ojú. Gbogbo wọn rò pé ó ń tòògbé ni. "Ṣé ẹnu yín ti kò?" ó bèèrè.

"Ó ti kò, Ìyá," àwọn ọmọ méjèèjì dáhùn pa pọ̀, inú sì bí Má-fọwọ́-kàn-án pé ohùn àwọn bára mu.

"Ó dáa. Ẹ gbé ohun tó ń rùn yìí kúrò níwájú mi, kẹ́ ẹ fún mi ní tíì."

Má-fọwọ́-kàn-án wọ ilé ìdáná fúnra rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó hó yaya, ó dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n já tẹ̀ lé e wà nínú agolo tó dé pinpin. Ó bu ú sínú ìkòkò tíì, ó rọra da omi lé e. Kò kánjú. Nígbà tó dà á sínú ife, àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti ojúmọ́ tó ń mọ́ lọ. Òórùn rẹ̀ kò jáde wá pàdé ẹnikẹ́ni. Àfi kéèyàn tẹrí ba fún un, á wá gbọ́ nǹkan bíi koríko tó yá oòrùn, bí oyin tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mu ún, ó pa ojú dé. Adùn tíì yẹn, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti lọ tán lọ́nà ọ̀fun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà wá sí ahọ́n, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Ìyá jẹ́ kó pẹ́.

Nítorí pé àlejò ni, wọ́n bu ife kan fún Màdáámú. Ó mu ẹnu kan, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o. Àmọ́ omi gbígbóná ni." Ó kó ìwé rẹ̀, bàtà rẹ̀ sì dún kó kó kó lọ. Má-fọwọ́-kàn-án wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Ẹni méjì ló ti pè é ní omi gbígbóná báyìí. Títì ìgboro á máa há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó ṣe fẹ́ máa yẹra fún àwọn méjèèjì.

Ọ̀gá Páálí fà sún mọ́ tábìlì, ó na ife rẹ̀ síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti padà sílé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bu tèmi."

Má-fọwọ́-kàn-án gbé ìkòkò tíì kúrò nítòsí rẹ̀. Ó mú ife tó ń rùn lọ́fínńdà, èyí tí ìyàwó ti fẹ́ dànù, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Tìrẹ rèé."

"Ẹ̀gbọ́n! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe yìí?"

"Mo rí i. O ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n odidi àpò kan ló wà lẹ́yìn ilé, tíì àkọ́kọ́ ọdún ni, ìwọ lo sì ṣílẹ̀kùn. Ìwọ lo máa mu ún tán."

"Bàbá Ìbejì, ẹ dárí jì í," ìyàwó ní, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mo ti dárí jì í. Kó máa mu."

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di òní. Bí Ọ̀gá Páálí bá ti ìgboro dé, wọ́n á kí i, wọ́n á bi í léèrè ọmọ àti ọjà, wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á sì gbé ife lọ́fínńdà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Á mu ún, á máa ṣojú fínrín. Ìyá a dúró dìgbà tí Má-fọwọ́-kàn-án bá kọ ẹ̀yìn sí wọn, á wá fi ìka méjì rọra ti ife tirẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kékeré, ìyẹn á sì yára gbé e mì.

Má-fọwọ́-kàn-án ń rí wọn nínú gíláàsì fèrèsé. Ó ń ka ìyẹn náà mọ́ àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, àpò kò sì tíì dé ìdajì.